Ọ̀ọ́dúnrún àti Mẹ́wàá

Òjò Penang kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Láti aago méjì ló ti ń lu páànù yàrá ìdánwò wa
nígbà tí Kheng Huat gbé dáyóòdù kalẹ̀,
ohun tín-ín-rín bí hóró ìrẹsì,
ìlà dúdú kan ní ìdí rẹ̀
tí ń sọ fún iná pé: ibí ni o ó gbà jáde.

A yí bọ́tìnì. Òdo.
A tún un yí. Òdo.
Abẹ́rẹ́ mítà sùn
bí àgbàlagbà tó gbọ́, tí kò fẹ́ dáhùn.
Ìgbà tó kù díẹ̀ kó pé ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá fóòtì kan
ló tó gbọnra,
tó dìde, tó rọra jókòó sórí
mílíáńpù méjì.

Kheng Huat ti pín in tán kí n tó ṣí bírò:
"Ọ̀ọ́dúnrún ọ́ọ̀mù. Ìdènà rẹ̀ nìyẹn.
Thenmoli, kọ ọ́, ká lọ jẹun."

Mo kọ ọ́. Ọ̀ọ́dúnrún.
Mo tẹjú mọ́ ọn, bàbá mi ni mo rí.

Bàbá mi, Sivapragasam,
tó ti ń so okùn ọkọ̀ mọ́ èbúté Butterworth
fún ọdún mọ́kànlélógún.
Láti ìgbà tí Elango ti bínú lọ sí Ipoh,
ẹ ka gbogbo ohun tí mo ti gbé síwájú rẹ̀ láti òdo:
èsì ìdánwò, bàtà tuntun ní Deepavali, ẹkún òru;
ẹ wá fi ọ̀rọ̀ méjì tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ pín in.
Ta ni kò ní pè é ní òkúta?

Puan Rosnani ti dúró lẹ́yìn wa,
ìborùn rẹ̀ rin gbindin. Ó fi ìka kan ìwé mi.
"Òótọ́ ni ọ̀ọ́dúnrún.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti ilé lẹ dá lóhùn.
Ẹni tó ti dé ẹnu ọ̀nà ńkọ́?
Ẹ fi ogún mílífóòtì lé e. Ogún péré."

Ogún! Kí ni ogún fẹ́ dà?
Mo yí bọ́tìnì bí ẹni ń fa aṣọ bo ọmọ tó ń sùn.
Abẹ́rẹ́ fò.
Méjì di mẹ́rin.
Ogún tó lé, lórí méjì tó lé: ọ́ọ̀mù mẹ́wàá.
Dáyóòdù kan náà. Òjò kan náà.

Ìdènà adúró ń ka gbogbo ọ̀nà láti ilé,
títí kan ibi tí ẹsẹ̀ ti rìn tí kò rí nǹkan mú bọ̀.
Ìdènà arìn kò bèèrè àná:
níbo lo dúró sí? Ṣísẹ̀ kan sí i.

"Èwo wá ni òótọ́?" ni Kheng Huat wí, ebi ń pa á.
"Bó o bá fẹ́ mọ bí yóò ṣe gbóná tó, ka ti àkọ́kọ́.
Bó o bá fẹ́ kí ohùn kékeré gba ara rẹ̀ kọjá, ka ti kejì.
Ẹ má sáà tì í láti ẹ̀yìn, kò ní dá yín lóhùn;
bẹ́ ẹ bá sì tì í títí tó fi dáhùn,
ìdáhùn ìkẹyìn nìyẹn."

Ìrọ̀lẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú omi.
Bàbá wà nídìí irin, ó ń ká okùn,
ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi.
Mi ò yọ ìwé kankan jáde. Mo ní,
"Appa, okùn yìí ti ń tú létí."

Ó wo okùn. Ó wò mí.
Ó ní wọn kì í hun ún bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀,
ó ní iyọ̀ ló ń jẹ ẹ́, ó fi ibi tó ti lẹ̀ ẹ́ hàn mí,
ó ń sọ ọ́ lọ títí iná George Town fi yọ sí wa,
ó sì dárúkọ Elango lẹ́ẹ̀kan,
bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ kan wáyà.

Mi ò pín in.
Ìwé mi wà nínú àpò, ó ti rin.